Ràṣídì, páálọ̀ yẹn ò lè gba 45

Ràṣídì ọmọ mi, ṣé ara le? Ìyá ẹ ń kí ẹ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti rọ̀ díẹ̀. Ewúrẹ́ bí ìbejì, ọ̀kan kú. Owó tó o fi ránṣẹ́ ti wọlé o, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ẹnì kan ti Ọ̀fà wá sí Ìlọrin, ó ní o ń ṣe páálọ̀ kan, mítà 5 sí 4, tí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ 4 wá yọ róbótó ààbọ̀ síta níbi wíńdò, o ní kí wọ́n ra táìlì 45. Sikúéà mítà 45 kẹ̀? Mi ò sùn. Ṣé o ti ń bù lé e ni?

Mo mú bírò. 5 lọ́nà 4, 20 nìyẹn. Róbótó ààbọ̀ yẹn, ìbú ẹ̀ 4, ṣùgbọ́n ìdajì ìbú la fi ń ṣe é, 2 lọ́nà 2 lọ́nà 3.14, ó jẹ́ 12.56, pín in sí méjì torí ààbọ̀ ni, 6.28. Àpapọ̀ ẹ̀ 26.28. Bó o tiẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí gígé, 29 ti tó. Ni mo bá fi odidi 4 gbìyànjú ẹ̀ dípò 2, àfi 45 àti díẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín lóru, mo ní ah, ọmọ mi ò jalè, olódo lásán ni. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti sọ fún ẹ pé kó o ya á, kó o gé e sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó o tó ṣírò?

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù ńkọ́? Àbí òun ló di owó inú fóònù mi yìí?

Ìdí tí mo fi ń bèèrè, táìlì ilé ìdáná wa tó o ti ń fọ abọ́ lórí ẹ̀ láti kékeré, ti mọ́ṣáláṣí ni. Ilẹ̀ ẹ̀ 10 sí 8, ibi tí Lèmámù ń dúró sí jẹ́ róbótó ààbọ̀ oníbùú mítà 2. 1.57 ló yẹ kó gbà, èmi náà lo odidi ìbú, ó di 6.28. Èèṣì ni. Ìgbà tó wá ṣẹ́kù, mo lè dá a padà, mo dì í sórí kẹ̀kẹ́ wálé. Ìyá ẹ rò pé mo rà á ni. Bí wọ́n bá ń kí mi pé alùbáríkà lórí iṣẹ́ yẹn, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Pè mí, kó o sọ ibi tí táìlì yẹn wà. Mi ò ní pariwo. Ìyá ẹ ní o rù nínú fọ́tò, jọ̀ọ́ máa jẹun.

Ìdajì ìbú o, Ràṣídì. Owó ẹ ṣì wà níbẹ̀.

Èmi bàbá ẹ.