Ẹ̀sùn lórí Ìrìn Fọ́tò Neuschwanstein: ẹsẹ̀ ni mo sanwó fún, bọ́ọ̀sì lẹ gbé mi wọ̀

Peckham, London
22 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó. Èmi ni obìnrin tó bá yín lọ sí Neuschwanstein, ààfin orí òkè ní Jámánì, ní Sátidé 13 oṣù yìí, èyí tó gbé kámẹ́rà méjì kọ́rùn, tí ọmọ tó mú wa lọ ń pè ní Mọ́mì Kámẹ́rà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ìméèlì ránṣẹ́ sí yín. Sí ti àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Sí èkejì, ẹnì kan ní ọ́fíìsì yín kọ ọ́ pé "ẹ má bínú mà, àwọn yòókù gbádùn ara wọn", ó sì fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń bẹ̀bẹ̀ tì í. Mi ò bínú. Owó mi ni mo ń béèrè. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin fúnra yín, nítorí mi ò rò pé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ yín.

Ìpolówó yín wà lórí fóònù mi títí dòní. Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, ìyẹn gan-an ló wọ̀ mí lójú: "Ìrìn Fọ́tò ní Neuschwanstein. Ènìyàn 8 péré. Wákàtí 4 lórí ọ̀nà ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ kámẹ́rà ni yóò mú yín kiri. A óò dúró de oòrùn ìrọ̀lẹ́." £240 lẹ pè é. Mo san án láìná an, èmi tí mo máa ń ná ata rodo ní Rye Lane. Iṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó ni mo ń ṣe, Sátidé sì ni ọjọ́ ọjà wa. Ẹni tó bá yọ̀ǹda Sátidé kan ṣoṣo nínú oṣù Kẹsàn-án mọ iye tó yọ̀ǹda. Bàtà ìrìn tí mo rà nítorí yín, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wọ̀ ọ́ yí Burgess Park ká kó lè rọ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibi tí a ti máa wọkọ̀ ní Munich, bọ́ọ̀sì ńlá ni mo bá. Mo kà wá lórí ìjókòó: àwa 31. Aago 8 la ní àdéhùn, 9:20 la gbéra, nítorí tọkọtaya kan ṣì ń jẹun àárọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn kò dùn mí púpọ̀. Mo ti dúró pẹ̀lú kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì de ìyàwó fún wákàtí méjì rí.

Aago 11:30 kọjá díẹ̀ ká tó dé Hohenschwangau, abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè tí ààfin náà wà. Láti ibẹ̀ dé ààfin, ìrìn ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú ni, ojú ọ̀nà dán, igbó sì bò ó lápá méjèèjì. Àwọn arúgbó ń fi ọ̀pá gùn ún, àwọn bàbá gbé ọmọ sọ́rùn, ẹṣin ń wọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá lára wọn. Mo ti so okùn bàtà mi. Ni ọmọ yín bá kó gbogbo wa lọ tò sí ìlà bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé èrò gòkè. Mo bi í pé, ìrìn ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó ní, "Mọ́mì, òkè yẹn ga o, ẹ máa rẹ̀." Ọmọ mi, mo ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún kí n tó gun Òkè Ìdànrè, mo gùn ún dé orí.

Bọ́ọ̀sì náà já wa sílẹ̀ nítòsí afárá tí gbogbo oníkámẹ́rà ń torí rẹ̀ wá síbẹ̀, a sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó gba iwájú ilé ìyá rẹ̀ kọjá tí kò yà kí i. Ìdí ni pé tíkẹ́ẹ̀tì àtiwọ inú ààfin ní àkókò tirẹ̀, tiwa sì ti ń sún mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì wo? Kò sí nínú ìpolówó yín. Kí ẹ sì tó ní ọ̀fẹ́ lẹ mú wa wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí: wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn ya fọ́tò nínú ààfin náà rárá. Ẹni tó bá ti yẹ ìwé kan ṣoṣo wò nípa Neuschwanstein mọ èyí. Ọmọ yín kò mọ̀ ọ́n, àbí ó mọ̀ ọ́n kò sọ. Àwọn obìnrin méjì tó wà lẹ́yìn mi yọ fóònù wọn jáde, òṣìṣẹ́ ààfin sì jágbe mọ́ wọn lójú gbogbo èèyàn.

N kò sọ pé inú ibẹ̀ kò dára. Mo rí gbọ̀ngàn ìtẹ́ tí kò ní ìtẹ́. Ọba Ludwig Kejì ti Bavaria fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1869, ó kú sínú adágún Starnberg ní oṣù Kẹfà 1886, wọn kò sì tíì gbé ìtẹ́ náà dé. Ọba tó kọ́ ilé sórí àpáta kí ojú ayé lè jìnnà sí i, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó kú tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ èrò. Ìtàn náà wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ gba owó fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mú un wọ ibi tí kámẹ́rà jẹ́ èèwọ̀, ẹ fi oúnjẹ han ẹni tí ẹ di ẹnu rẹ̀ ni.

Aago 2:40 ni a tó padà sí afárá. Marienbrücke ni orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá ọba náà ni wọ́n fi sọ ọ́, Ludwig fúnra rẹ̀ ló sì fi irin rọ́pò igi àtijọ́ ní 1866. Àfonífojì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jìn tó àádọ́rùn-ún mítà, omi ń já ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀ gba inú rẹ̀. Ìlà àtigun orí afárá yẹn ti gùn wọ inú igbó. Nígbà tí ó kàn wá, ogún ìṣẹ́jú lọmọ yín fún wa, ó gbé fóònù sọ́wọ́ ó ń ka àkókò. Pákó orí afárá ń mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò. Bí ẹnì kan bá ti fo sókè láti ya selfie, lẹ́ǹsì gígùn mi á gbọ̀n. Oòrùn ọ̀sán gangan sì kọ lu ògiri funfun ààfin náà, gbogbo ara òkúta rẹ̀ ṣófo nínú fọ́tò bí aṣọ tí wọ́n sá pẹ́ jù. Bí mo ti ń ṣe é, kò gbà. Fọ́tò 64 ni mo yà, kò sí ìkankan tí mo lè gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo wá rí i pé ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ń bá òpin afárá lọ sókè, sí apá òkè Tegelberg. Mo bi ọmọ yín pé kí ló wà lọ́hùn-ún. Ó ní, "Mọ́mì, kò sí nǹkan kan lọ́hùn-ún, igbó ni." Aago 4 la ti wà nínú bọ́ọ̀sì, à ń padà sí Munich. Oòrùn kò wọ̀ lọ́jọ́ yẹn títí di aago 7:30.

Ọ̀rọ̀ "igbó ni" yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ní òru, mo san £68 láti sún ọkọ̀ òfuurufú mi síwájú. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Munich lọ sí Füssen, wákàtí méjì ni, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Hohenschwangau, mo sì fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì gun òkè. Mo gba orí afárá kọjá láìdúró, mo bọ́ sínú igbó tí ọmọ yín wí. Ọ̀nà gidi ni, ó kan ga ni: gbòǹgbò igi yọ sójú ọ̀nà bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ àgbàlagbà, òkúta wẹ́wẹ́ ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Mo dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí ibi tí àwọn kan ti ń fo wáyà kọjá lọ sí etí ọ̀gbun, èmi kò dé ibẹ̀. Mo ní ọmọ ọmọ nílé. Nígbà tó tó bí ogún ìṣẹ́jú, igi ṣí sílẹ̀ lápá òsì mi, mo bojú wolẹ̀. Ààfin náà nìyẹn, nísàlẹ̀ mi báyìí, ó dá dúró lórí àpáta rẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tútù tẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí orí èèyàn kankan nínú fọ́tò. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dún.

Mo gbé tripod mi kalẹ̀, mo ya tèmi. Nǹkan kan wá ń fà mí lọ́kàn, mo ní mo ti rí ojú ibí yìí rí. Mo yọ fóònù, mo ṣí ìpolówó yín. Ọ̀gá, fọ́tò kan náà ni! Bí òrùlé ṣe rí láti òkè, bí ilé-ìṣọ́ gíga ṣe bo èyí tó kéré lójú, ọ̀kan náà ni. Kódà ẹ̀ka igi kan wà tó na ọwọ́ wọ igun òsì lókè nínú tiyín. Mo gbé ojú sókè: ẹ̀ka náà rèé lórí mi, mo nawọ́ kàn án.

Ẹ̀sùn mi gan-an nìyí, ìyókù kàn ń tẹ̀lé e ni. Fọ́tò tí ẹ fi ń ta ìrìn yìí, ibi tí ìrìn yìí kì í dé ni wọ́n ti yà á. Yálà ẹnì kan nínú yín ti débẹ̀ rí, tó sì mọ̀ pé àwọn oníbàárà kì í débẹ̀, tàbí ẹ ra fọ́tò náà lọ́wọ́ ẹni tó débẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹni tó rí i lórí WhatsApp yóò rò pé òun náà yóò yà á.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn já sí pápá St. Coloman, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó dá wà láàárín koríko. Agogo ọrùn màlúù ń dún. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ṣèlérí wá bọ́ sára ògiri ààfin lókè lọ́hùn-ún, ó pọ́n bí ẹ̀pa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Ibẹ̀ ni mo ti ya èyí tí yóò wọ férémù. Owó ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ yẹn, mi ò ní bi yín. Mo jẹ ìgbádùn rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ yín ní àwọn yòókù gbádùn, mo gbà. Wọ́n wá wo ààfin, wọ́n sì rí ààfin. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kan náà ní ìrìn ojúmọ́ kan lọ wo Neuschwanstein nínú ìwé owó yín, £95 ni. Bọ́ọ̀sì kan náà ni, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, ọmọ kan náà. Àwọn tó jókòó tì mí, £95 ni wọ́n san, wọ́n fi rìsíìtì hàn mí. Nítorí náà, £145 ni mo fi ra ọ̀rọ̀ náà "fọ́tò".

Kí ẹ dá £145 yẹn padà fún mi, àti £68 ọkọ̀ òfuurufú. £213 ni àpapọ̀ rẹ̀. Mo fún yín ní ọjọ́ 14. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 ní ilẹ̀ yìí sọ pé ohun tí oníṣòwò bá sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, tí oníbàárà sì gbára lé, ti di ara àdéhùn. Káàdì gbèsè ni mo sì fi sanwó, owó náà ju £100 lọ, òfin owó àwìn ti 1974 gbà mí láyè láti bi báǹkì mi náà. N kò fẹ́ dé ibẹ̀. Ọmọ wa lẹ jẹ́.

Kí ẹ tún yọ fọ́tò yẹn kúrò, tàbí kí ẹ máa mú èèyàn débẹ̀. Kò le. Ẹ tètè gbéra, ẹ fi inú ààfin sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ẹ, ẹ mú èèyàn 8 rìn, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́. Láti oṣù Keje tí UNESCO ti kọ àwọn ààfin Ludwig mọ́ ogún àgbáyé, èrò orí afárá yẹn kò ní dín kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà jẹ ọmọ tó mú wa lọ. Ó bá mi gbé tripod gòkè, ó sì ra omi fún mi. Ó ní ìgbà kẹta tí òun dé ibẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì mú òun kọjá afárá rí.

Mo fi rìsíìtì méjèèjì, ìpolówó yín àti fọ́tò tèmi sínú àpò ìwé yìí. Mo fi gègé pupa yí ẹ̀ka igi náà ká nínú méjèèjì.

Èmi ni,
Oníbàárà yín

Ẹ jọ̀wọ́: fọ́tò tèmi yẹn, ẹ̀rí ni mo fi ṣe. Bí mo bá rí i nínú ìpolówó yín, owó rẹ̀ yàtọ̀ sí £213.