Ẹ̀gbọ́n mi, nípa owó páànù yẹn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màámi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn, mi ò sá fún yín o.

Owó páànù ilé Màámi, mo mọ̀ pé mo jẹ ẹ́. ₦600,000 ni mo ṣèlérí, mo ti fi ₦250,000 ránṣẹ́, àbí ti April ò dé ni, torí ẹ ò sọ pé ẹ rí i. Màá san èyí tó kù, ẹ fọkàn balẹ̀, àmọ́ kò ní lè jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí mo ṣe sọ.

Ẹ ní ọkọ mi ti di dókítà, pé ẹ rí fọ́tò tó wọ kóòtù funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ wo fọ́tò yẹn dáadáa. Ìdí ni kóòtù yẹn mọ. Ti akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn níbí, ti dókítà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún méjì, kíláàsì ló wà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Step 1 ni, apá kìíní ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà níbí, wákàtí mẹ́jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì yege, a dúpẹ́. July yìí ló máa wọ ọsibítù fún rotation, kó máa kọ́ṣẹ́ láti ẹ̀ka kan dé òmíì, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ní sọ́jẹ́rì, ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, ná, kó tó kan ti àwọn ọmọdé, ti àwọn aboyún, ti alárùn ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí ọdún á fi yí po, ìdánwò sì wà ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe house job o! Bíi tàwọn tó wà ní clinical ní UCH ni, wọn ò ní fún un ní kọ́bọ̀, àwa la ṣì ń san school fees, lóònù la sì fi ń san án.

Ibi tó ti kan owó páànù rèé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, aago méje alẹ́ sí méje àárọ̀, torí owó alẹ́ fi díẹ̀ ju ti ọ̀sán lọ, ọkọ mi ló máa ń wà pẹ̀lú Tiwa. Ní sọ́jẹ́rì, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló gbọ́dọ̀ ti jáde nílé, kó lè yẹ àwọn aláìsàn tiẹ̀ wò káwọn ọ̀gá tó dé. Ta ló máa wà pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta títí n óò fi dé? Ẹ bá mi dáhùn. Ní Houston níbí, mi ò mọ ilé ẹni tí mo lè kanlẹ̀kùn ẹ̀ nídàájí. Mo ní kí wọ́n gbé mi sí ọ̀sán, wọ́n gbé mi, àmọ́ ọjọ́ méjì ni wọ́n rí fún mi lọ́sẹ̀, mẹ́ta ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Mi ò ráhùn, inú mi dùn sí iṣẹ́ tó yàn. Lálẹ́ àná ó ń fi okùn ta kókó sọ́jẹ́rì mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, Tiwa náà mú okùn bàtà wá, ó jókòó tì í, ó ń ta tiẹ̀. Mo ń wò wọ́n, àyà mi ń já. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló máa wà tó jẹ́ pé ọmọ yẹn á ti sùn kí bàbá ẹ̀ tó wọlé, kò sì ní tíì jí tó fi máa jáde. Mi ò tíì sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún, ẹ má jẹ́ kí Màámi gbọ́.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún Àǹtí pé ọkọ mi ti ń gbowó dókítà? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí. March 2028 la máa tó mọ ọsibítù tó gbà á síṣẹ́, ó lè jẹ́ ìpínlẹ̀ míì pátápátá, July ọdún yẹn ló máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó oṣù. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn.

Màá fi ₦100,000 ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ fi ṣe apá yàrá Màámi tó ń jò ná, torí òjò ti dé. Láti July, ₦50,000 lóṣooṣù, á parí ní November. Kò ní yẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà July, Monday, ló máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Màámi pè é kó ṣàdúrà fún un ní Sunday tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àárọ̀ la máa wà níbí. Ẹ má jẹ́ kó di alẹ́, ó ní aago mẹ́jọ lòun máa sùn.

Àbúrò yín