Owó gààrí ò lé, múdù ló ń súnkì

Olóòtú, òkun o.

Àwọn ọlọ́jà tún ti gbé e dé lọ́jà ọ̀sẹ̀ yìí: "Owó gààrí ò lé o, iye tí ẹ rà á lọ́jà tó kọjá náà ni." Irọ́ ni. Owó ò lé lóòótọ́, àmọ́ múdù, àwo ìwọ̀n, ti ọjà tó kọjá kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ dojú àwo náà délẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Òòlù ni wọ́n fi lù ú wọnú. Èyí tó jẹ́ rọ́bà, wọ́n á fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́, wọ́n á wá tẹ ìdí rẹ̀ sókè. Àwo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 16, tí ìdí rẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà kan péré gòkè, nǹkan bí 20cl ti lọ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ líta kan ààbọ̀ ló ń gbà tẹ́lẹ̀, ó ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́jọ tó lọ. Múdù tí ẹ pè ní ₦1,000 ti di bíi ₦1,150 nìyẹn.

Ẹ wá dé oko ní Bùnú, àwo míì lẹ máa bá. Èyí tí alájàpá fi ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n ti lu ikùn tiẹ̀ jáde, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ òkìtì orí rẹ̀ kó má dà. Lọ́jà, ọwọ́ kan náà á tètè kúrò, òkìtì á ya padà sínú abọ́ ọlọ́jà.

A ò ní kí alájàpá má jèrè. A mọ iye tí ọkọ̀ ń gbà látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n: ẹni tó bá kọ́kọ́ pe owó tuntun, oníbàárà á yà sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lé, ẹ ní ó lé! Alákàrà tó gbọ́ pé ẹ̀wà ti wọ́n á mọ̀ bóyá kóun fowó lé e ni àbí kóun dín in. Èyí tí kò gbọ́, múdù mẹ́ta ló rò pé òun rẹ. Ata, iyọ̀ àti òróró ò dín, àkàrà ló dín, owó ò sì ní pé nírọ̀lẹ́. Olóúnjẹ tó ń fi ṣíbí bu ìrẹsì náà ń jẹ nínú ìyà yìí.

Àwọn tó yẹ kó mójú tó o ńkọ́? Wọn kì í pa ọjọ́ ọjà jẹ tó bá di ti tíkẹ́ẹ̀tì. Bi wọ́n ní ti múdù, wọ́n á ní ìjọba àpapọ̀ ló ni òfin ìwọ̀n. Òótọ́ ni, àmọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kan náà ló fi àbójútó ọjà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Kí wọ́n fẹnu kò sí líta kan ààbọ̀, àwo irin nìkan, rọ́bà ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Kí ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ wá kó tó gba tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì fi omi dán an wò: ìgò omi 75cl méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Kí wọ́n má fi omi inú ọ̀rá ṣe é, torí òmíràn nínú rẹ̀ kì í pé 50cl. Bí omi bá ti ń ṣàn sílẹ̀ kí ìgò kejì tó tán, àwo ti súnkì. Èyí tó bá pé, kí wọ́n lu àmì ọdún sí etí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ti ìdí ló ṣe kókó, torí òòlù tó bá tún kan ibẹ̀ á ba àmì náà jẹ́. Kí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ gé orí rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ òkìtì tán.

Òfin 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní kí wọ́n kọ iye ọjà síbi tójú á ti rí i. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìyẹn náà. Ẹni tó bá lè ra ìwọ̀n oní-kílò, kó rà á.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ máa yí àwo wò kí ẹ tó sanwó. Owó ò lé kọ́.

Oníbàárà kan,
Kàbà