Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń darí iṣẹ́: ẹ má jẹ́ kí ẹni tó pariwo jù máa to iṣẹ́ fún yín

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí ẹ̀rọ kì í ti í dákẹ́ bó bá ti di oṣù Kọkànlá. Kàlẹ́ńdà, dáyárì, ìwé ètò ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo wọn á ya lu wá lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú á sì ní tòun ló yá jù. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ pé ó ti rẹ̀ yín tẹ́nutẹ́nu, òun ni mo ṣe kọ̀wé yìí.

Lọ́dún kan, mo gba iṣẹ́ mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ àwa mẹ́rin péré ni. Bí oníbàárà kan bá ti fi ohùn líle pè mí lórí fóònù, màá ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, kí wọ́n gbé tirẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ wa nígbà náà, àwọ̀ kan ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí a tó pààrọ̀ iṣẹ́, a ó fi kẹrosíìnì nu yíǹkì kúrò lára rọ́là, a ó yọ pléètì tí àwòrán iṣẹ́ wà lára rẹ̀, a ó de òmíràn, a ó sì fi bébà ṣòfò títí àwòrán yóò fi jókòó síbi tó yẹ. Wákàtí kan lè lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé kan tó ṣeé kó fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó lé eku méjì ló ń pòfo. Mẹ́sàn-án lèmi ń lé.

Lóru ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin tó ń bá mi gé ìwé ti ń tòògbé lórí ìdúró. Ìwé ètò ìsìnkú ìyá arúgbó kan ló wà níwájú rẹ̀, 500. Ó fa abẹ sílẹ̀. Nígbà tí a máa gbé e wò, abẹ ti gba iwájú orí màmá kọjá nínú àwòrán, gèlè wọn ti bọ́ sínú ìdọ̀tí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìsìnkú. Mo ti la ẹnu láti bú ọmọ náà kí n tó rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, kí n sì rí bí ìka rẹ̀ ṣe sún mọ́ ibi tí abẹ bọ́ sí. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Àtìgbà náà ni pátákó kan tí a ń to iṣẹ́ sí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa. Iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ kò ṣeé sún ló ń ṣíwájú: ìsìnkú kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, àmọ́ káàdì ìpolówó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ olójú méjì ni a sì ń gbé sórí ẹ̀rọ láàárọ̀, nítorí yíǹkì gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ń gbẹ lọ́wọ́, a ó máa ṣe òmíràn. Èyí tó le jù ni kí n sọ ọjọ́ tí yóò jáde fún oníbàárà kí n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan bínú lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pànìyàn, ìṣẹ́ ló ń pànìyàn. Èmi náà sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yẹn lóru ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé kéde pé nǹkan bí 745,000 ènìyàn ni rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa ní 2016 nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà náà fún òṣìṣẹ́ ní odindi ọjọ́ kan ìsinmi nínú méje.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ yín lórí WhatsApp láago mọ́kànlá òru, mo bẹ̀ yín. Bí tuntun bá dé, ẹ sọ èyí tí wọ́n máa gbé sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ọmọ tó gé ìwé yẹn ti dá dúró báyìí, ó wà ní òpópónà kejì sí tiwa. Mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ó ti tilẹ̀kùn, gbogbo wọn ti lọ sílé. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí pátákó rẹ̀: iṣẹ́ mẹ́rin péré.

Bàbá yín, atẹ̀wé ní Ṣómólú