Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Owó Awò Oòrùn àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Mìíràn

Ọjọ́ 27, Oṣù Kẹta, Ọdún 2026

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin alágbàtọ́,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní orúkọ ìgbìmọ̀ alákòóso àti gbogbo olùkọ́. Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ kú àfaradà. Olúwa yóò jẹ́ kí ẹ jèrè wọn.

Sáà kejì parí lónìí. Ìwé èsì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ buwọ́ lù ú kí ẹ sì dá a padà. Ìforúkọsílẹ̀ WAEC ti parí fún àwọn ọmọ SS3. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife-ẹ̀yẹ nínú ìdíje eré ìdárayá. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, ni a ó wọlé fún sáà kẹta, ẹni tó bá sì dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti pẹ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ ₦3,000 owó awò oòrùn, ìyẹn awò ojú tí àwọn ọmọ yóò fi wo oòrùn láìséwu, ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí ojú òpó WhatsApp ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sinmi láti ìgbà tí a ti kéde rẹ̀. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbẹ̀, títí kan èyí tí àwọn kan pa rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2027, òṣùpá yóò gba àárín ayé àti oòrùn kọjá. Òjìji rẹ̀ yóò la Chile àti Ajẹntínà já, yóò ré Òkun Àtìláńtíìkì kọjá, yóò sì gúnlẹ̀ sí Ivory Coast, Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti orílẹ̀-èdè wa kí oòrùn tó wọ̀. Òṣùpá yóò jìnnà sí ayé díẹ̀ lásìkò náà, kò sì ní lè bo oòrùn tán, nítorí náà etí oòrùn yóò yọ yí i ká bí òrùka iná. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó wà nílé-ìwé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006 yóò rántí pé òṣùpá bo oòrùn pátápátá lọ́jọ́ náà ní Accra àti Lomé àti ní apá kan òkè ọya. Nínú irú èyí, ìṣẹ́jú díẹ̀ wà tí ènìyàn lè fi ojú lásán wo ojú ọ̀run. Nínú ti òrùka, kò sí ìṣẹ́jú kankan bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò sì ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, nígbà tí oòrùn bá ti ń pọ́n lọ sí wíwọ̀, tí ọmọdé yóò máa rò pé agbára rẹ̀ ti tán. Ìdí tí a fi ń gba owó náà nìyẹn.

Àwọn kan ní kí á lo omi inú báàfù tàbí fíìmù X-ray bí a ti ṣe ní ọdún 2006. Òótọ́ ni pé a ṣe é. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ta padà láti ojú omi, fíìmù náà sì kàn ń dín ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí kù ni. Èyí tí a kò rí, tí ń jóni, ń gbà á kọjá. Ẹ̀yìn ẹyinjú kì í sì í ro ẹni nígbà tí oòrùn bá ń jó o, nítorí náà ọmọ kò ní mọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́. Awò tó bá ISO 12312-2 mu, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún awò tí a fi ń wo oòrùn, ni a ó rà. Ẹni tó dábàá kí á dá ihò abẹ́rẹ́ sí paàlì, kí àwọn ọmọ máa wo àwòrán oòrùn tó bọ́ sórí bébà, sọ òótọ́, a ó sì ṣe é pẹ̀lú. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ọmọ wo ni yóò kọ ẹ̀yìn sí oòrùn nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní bojú wẹ̀yìn?

Ẹ̀rí wà nílẹ̀. Ní oṣù Kejì, àwọn ọmọkùnrin kan ní JSS2 gun àga lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ń fi fíìmù X-ray àtijọ́ wo oòrùn ọ̀sán gangan. Orúnkún bàbá àgbà ọ̀kan nínú wọn ló wà nínú fíìmù náà. Nọ́ọ̀sì mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì rí àbùkù kankan. Ìwé wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí pé Ẹgbẹ́ Awòràwọ̀ ilé-ìwé wa ló kó irú èrò bẹ́ẹ̀ sí wọn lórí, kí a sì tú u ká. Mo ti yẹ ìwé orúkọ wò fúnra mi: kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tí a kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni pé a kì í kọjú awò ìwòràwọ̀ sí oòrùn. N kò ní tú ẹgbẹ́ náà ká.

Òbí kan tún ní à ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ aríran. Rárá o. Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọmọ SS2 gbé awò ìwòràwọ̀ wa sórí pápá láti wo Júpítà. Mẹ́ta péré ni wọ́n rí nínú àwọn òṣùpá Júpítà mẹ́rin tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí ní ọdún 1610. Wọ́n dúró. Nígbà tó yá, Io, òṣùpá kẹrin tí wọn kò rí, yọ lójijì níbi tó jìnnà díẹ̀ sí etí Júpítà, níbi tí kò ti sí ohun kan tó dí i lójú wa, nítorí inú òjìji Júpítà ló ti ń jáde bọ̀. Ọmọbìnrin kan kọ àkókò náà sínú ìwé rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Ole Rømer, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Denmark, kó jọ ní Paris, tó fi sọ ní ọdún 1676 pé ìmọ́lẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀, ó ń rin ìrìn-àjò. Mo dúró tì wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, inú mi sì dùn ju bí ó ti dùn lọ́jọ́ tí a gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù.

Fún àwọn tó fẹ́ wo nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún yìí, òjìji ayé yóò bo èyí tó pọ̀ jù lára òṣùpá; díẹ̀ lẹ́yìn aago márùn-ún ni yóò bò ó jù. Àkókò ìsinmi ni. Ẹ jí àwọn ọmọ, kí ẹ jọ wò ó. Òṣùpá kì í jó ojú, kò sí owó awò níbẹ̀.

Òkè òkun ni awò oòrùn yóò ti wá, ayédèrú yóò sì kún ọjà bí ọjọ́ náà bá ti ń sún mọ́lé, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè dúró. Ẹ san owó náà sínú àpò ìṣúná ilé-ìwé, kí ẹ sì mú ìwé ẹ̀rí ìsanwó fún akápò, ó pẹ́ jù ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún. Òbí tí owó náà bá ni lára lè wá rí mi ní ọ́fíìsì, a ó jọ sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ tó ń gbé nínú ọgbà, tí a kò bá san tirẹ̀ láìsí àlàyé, yóò wà nínú gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ìwé