Ẹ Gbin Ọgbà: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi ní Ìlọrin

Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa wa Jésù Kristi. Ara gbogbo wa le nílé, ìyá rẹ sì ní kí n kí ọ. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí o pè wá ni ọ̀rọ̀ rẹ kò ti kúrò lọ́kàn mi, mo sì rí i pé kì í ṣe ohun tí a lè sọ tán lórí fóònù.

O ní ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí o ti wà ní yàrá rẹ ní Táńkẹ̀, síbẹ̀ ẹrù rẹ ṣì wà nínú àpótí, o kò dara pọ̀ mọ́ ìjọ kankan, wọ́n sì gbé ẹran Iléyá wá fún ọ láti yàrá kejì, o kò mọ orúkọ ẹni tí ó gbé e wá. O ní Jeremáyà 29:11 ni o dì mú, níbi tí Olúwa ti ní èrò àlàáfíà ni òun ń rò sí àwọn ènìyàn òun, àti pé wòlíì kan ti sọ fún ọ pé kí o má ṣe san owó ilé ọdún tí ń bọ̀, nítorí pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, físà rẹ yóò ti jáde. Ẹsẹ náà dára, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ nígbà tí o wà ní kékeré. Ẹ̀bi tèmi ni pé ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo kọ́ ọ, n kò jẹ́ kí o mọ lẹ́tà tí a ti fa ẹsẹ náà yọ.

Lẹ́tà ni. Jeremáyà wà ní Jerúsálẹ́mù nígbà tí ó kọ ọ́ sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó lọ sí Bábílónì pẹ̀lú ọba Jekonáyà. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn ènìyàn tí àárò ilé ń sọ náà ni pé kí wọ́n kọ́ ilé kí wọ́n sì máa gbé inú rẹ̀, kí wọ́n gbin ọgbà kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀, kí wọ́n gbéyàwó kí wọ́n sì bímọ. Ní ti ìgbéyàwó, n kò ní fi ẹsẹ 6 tì ọ́. Ìyẹn wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run rẹ. Ẹ̀yìn èyí ni ẹsẹ 10 wá dá iye ọdún tí wọn yóò lò, ó ní 70. Ẹni tí ó ti pé 40 ọdún lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà náà sí i létí mọ̀ pé òun kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Júdà mọ́, síbẹ̀ ẹsẹ 11 ń bá òun náà wí.

Wòlíì mìíràn wà nígbà náà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dùn ún gbọ́ ju èyí lọ. Jọ̀wọ́, ka orí 28. Hananáyà dúró ní ilé Olúwa, ó ní ọdún méjì péré ni ó kù kí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì padà wálé. Ìdáhùn Jeremáyà ni ó máa ń gbà mí lọ́kàn jù: ó ní, "Àmín, kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀." Ó wu òun náà pé kí ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ kan wù wá kò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, Hananáyà sì kú ní ọdún náà gan-an. Èmi náà ń ṣe àmín sí físà rẹ, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n san owó ilé rẹ.

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Kàyámà, kí a tó bí ọ, ẹnìkan ṣèlérí fún mi pé kí táàmù kejì tó parí, wọn yóò ti dá mi padà sí ìtòsí ilé. Mo gbà á gbọ́ débi pé n kò ra bẹ́ẹ̀dì, orí ẹní ni mo ń sùn, n kò sì kọ́ èdè àwọn tí mo ń kọ́ ọmọ wọn ju ìkíni òwúrọ̀ lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀. Olùkọ́ tí a jọ dé gbin máńgòrò sí ẹ̀yìn ilé tirẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń jẹ èso rẹ̀ kí n tó kúrò. Títí di òní, bí mo bá rántí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ó máa ń dùn mí pé olùkọ́ ni wọ́n nílò, èmi sì ń ṣe bí ẹni tí ó dúró de mọ́tò.

Ẹsẹ 7 ni mo fẹ́ kí o dúró lé lórí jù. "Ẹ máa wá àlàáfíà ìlú náà, ẹ sì máa gbàdúrà sí Olúwa fún un, nítorí nínú àlàáfíà rẹ̀ ni ẹ̀yin yóò ti ní àlàáfíà." Bábílónì tí ó kó wọn lẹ́rú, tí ó kó ohun èlò ilé Olúwa lọ, ni a ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún. Ìgbà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ àlàáfíà wà nínú ẹsẹ yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà nínú èdè Hébérù ni ó sì wà nínú èrò àlàáfíà ti ẹsẹ 11 tí o fẹ́ràn. O kò lè mú ọ̀kan kí o fi èkejì sílẹ̀. Ìlọrin kò kó ọ lẹ́rú, ọmọ mi. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ àlàáfíà gan-an ti bọ́ sínú èdè wa. Òun ni lèmọ́mù fi ń ṣàdúrà níbẹ̀, òun náà ni àwa fi ń ka Bíbélì. Máa dárúkọ ìlú náà níwájú Ọlọ́run: àwọn tí ń tajà ní Ọjà-Ọba, àwọn tí ń ṣàkóso, àwọn aláìsàn inú wọ́ọ̀dù tí o ti ń ṣiṣẹ́, kí o pè wọ́n ní orúkọ bí o bá mọ̀ ọ́n.

N kò ní kí o má ṣe fẹ́ lọ o. Dáníẹ́lì, tí a kó lọ sí Bábílónì bákan náà, ka ọ̀rọ̀ 70 ọdún yìí nínú ìwé Jeremáyà, orí 9 ìwé rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì ṣí sí ìhà Jerúsálẹ́mù nígbà tí ó bá ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Síbẹ̀ àwọn tí ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ kò rí àṣìṣe kankan nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ yóò gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá wá sọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti gé igi ewúro mẹ́rin láti ẹ̀yìn ilé wa. Rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí o sì bu omi sí wọn nídìí. Méjì ni tìrẹ. Mú méjì yòókù fún ẹni tí ó ń gbé yàrá kejì, kí o béèrè orúkọ rẹ̀, kí o sì fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí mi, kí a lè máa fi í sínú àdúrà àárọ̀ wa.

Èmi ni bàbá rẹ.