Sí Àdùkẹ́, lórí ìrìn-àjò Mandello

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ sí etígbọ̀ọ́ ìyá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní àrùn alùpùpù Guzzi tí mo kó wọlé ti ràn ọ́. N kò jiyàn.

Inú mi dùn pé o fẹ́ kó ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ méjì lọ sí Mandello del Lario, ìlú Ítálì tí wọ́n ti ń ṣe Guzzi, tí o sì fẹ́ mú èmi àti ìyá rẹ dání. Àmọ́ kí o tó sanwó ohunkóhun, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ba tiwa jẹ́ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, torí ó jọ pé ibi tó dùn nínú rẹ̀ nìkan ni o rántí.

Ọjọ́ Àìkú la débẹ̀. Èmi tí mo mọ ọdún tí wọ́n ṣe gbogbo alùpùpù wọn lórí, n kò rántí bèèrè ọjọ́ tí mùsíọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ Guzzi máa ń ṣí. A bá géètì pupa tó wà ní Via Parodi ní títì pa. O fi iwájú orí ti géètì náà, ò ń yọjú. Nígbà tí o máa fi yíjú sí wa, ìlà irin ti wà níwájú orí rẹ. Mo fajú ro. Ìyá rẹ ní ká kúkú lọ sétí adágún, mo ní kì í ṣe adágún ni mo bá wá. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi dúró síbẹ̀ bí ẹni tó wá sin gbèsè, tí ẹ̀yin méjèèjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí ebi ń pa yín.

Bàbá arúgbó kan ló gbà wá. Ó gun V7 Sport dé, Guzzi kan tí táǹkì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Kò gbọ́ èdè wa, a ò gbọ́ tirẹ̀. Ó wo ojú rẹ, ó mú ọwọ́ rẹ, ó fi lé táǹkì, ó wá fún ẹ́ńjìnnì ní epo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo alùpùpù náà fì sápá ọ̀tún gbì, láìsí pé ó kúrò lójú kan. O kígbe pé, "Bàbá, ó ń mí!" Ìgbà yẹn ni mo ṣàlàyé fún ọ pé ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì náà nà láti iwájú lọ sẹ́yìn, kò dábùú bíi ti ọ̀pọ̀ alùpùpù yòókù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ti ara ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá sáré lójijì. O ò gbọ́ ọ̀kan nínú àlàyé mi. Ọwọ́ rẹ ṣì wà lórí táǹkì.

Ohun tí a rí ní Mandello lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ. Ìbínú mi ló jẹ ìyókù.

Nítorí náà, wádìí ọjọ́ àti wákàtí kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí o sì tún un wádìí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Má fi sí àwọn ọjọ́ inú oṣù kẹsàn-án tí àwọn Guzzisti, ìyẹn àwọn olólùfẹ́ Guzzi, máa ń ya bo ìlú náà láti ibi gbogbo. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọmọ kékeré tàbí orúnkún ìyá rẹ.

O kọ pé o máa gbé Àlàní sẹ́yìn lórí Guzzi tìrẹ. Rárá o. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, òfin Ítálì kò sì gbà kí wọ́n gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lórí alùpùpù, akoto ìbáà wà lórí rẹ̀. Ìwọ gun tìrẹ, kí àwa márùn-ún wọ ọkọ̀ ojú irin láti Milano. Tí o bá kúrò ní Lecco, fi ọ̀nà ńlá tó ń gba inú ihò òkè kọjá sílẹ̀, kí o tọ ọ̀nà SP72 tó ń bá etí omi lọ. Kò yá, ṣùgbọ́n ta ló ń lé ọ?

Ọkọ rẹ kò fẹ́ràn alùpùpù, kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Má ṣe é bí mo ṣe ṣe ìyá rẹ. Adágún wà níwájú, òkè Grigna wà lẹ́yìn. Láti Varenna tó wà nítòsí, ọkọ̀ ojú omi ń lọ sí Bellagio. Fún un ní odindi ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ ẹ́ńjìnnì. Ìyá rẹ yóò bá a lọ, mo mọ̀.

Bí ilẹ̀kùn mùsíọ́ọ̀mù bá ṣí, ẹ̀rọ méjì péré ni kí o fi han àwọn ọmọ. Àkọ́kọ́ ni Norge. Wọ́n ní alùpùpù tó ní sìpìríǹgì lẹ́yìn kò lè dúró dáadáa lójú ọ̀nà, Giuseppe, arákùnrin Carlo Guzzi tó wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, wá gun èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sí ìhà àríwá Norway lọ́dún 1928. Ìkejì ni èyí tí Carcano, ẹnjiníà wọn, ṣe lọ́dún 1955 fún eré ìje: 500 cc péré, sílíńdà mẹ́jọ. Kí wọ́n ka iye sílíńdà náà fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí wọ́n jáde lọ sáré.

Àmọ́ sọ ìtàn ẹyẹ idì tó wà lára táǹkì fún wọn. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló gbèrò láti máa ṣe alùpùpù náà nígbà tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú jà fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Ítálì, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Guzzi mọ ẹ̀rọ, Parodi máa wá owó, Ravelli ni yóò máa gùn ún níbi ìje. Ọkọ̀ òfuurufú já pẹ̀lú Ravelli lọ́dún 1919, kò rí alùpùpù kankan. Àwọn méjì tó kù ló fi idì, àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn, síbẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọdún 1921 ni iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Alùpùpù 17 ni wọ́n ṣe lọ́dún yẹn.

Nínú gbogbo wọn, bàbá Parodi ni mo fẹ́ràn jù. Ní oṣù kìíní ọdún 1919 ó kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ pé òun fara mọ́ èrò náà, pé 1,500 sí 2,000 lírà wà nílẹ̀ fún wọn láti fi dán an wò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lé ẹyọ kan, òun yóò sì kọ́kọ́ fojú ara òun wo àwòrán ẹ̀rọ náà. Bó bá wá wu òun, òun ṣe tán láti ná jù bẹ́ẹ̀ lọ láìní ìwọ̀n.

Èmi náà nìyí: owó ọkọ̀ ojú irin àti ti ojú omi, ọrùn mi ni. Kò gbọdọ̀ ju 300 yúrò lọ. Fi ètò ìrìn-àjò náà ránṣẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá rẹ ní kí n tún un kọ: òun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá rẹ